Géèmù ọwọ́ tí ò tà: owó ara páálí nìkan kọ́ ló ń lé wọn

Àbúrò mi ní Manchester, alẹ́ àná ni mo ka ọ̀rọ̀ ẹ, oorun ò sì kùn mí mọ́. O ní o ra géèmù ọwọ́ 15, irú èyí tí wọ́n ń fi Android ṣe, oṣù kẹrin rèé, méjì péré ló tà, 13 ṣì wà nílẹ̀, o wá ń bèèrè bóyá kó o gé owó ẹ̀ ni àbí kó o dúró de Kérésì. Àwọn kan ti ní kó o lọ ṣe fídíò sí TikTok. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má bínú o, ó jọ pé géèmù ò tíì kó yín sí gbèsè rí.

Ó ti kó mi sí i. PS Vita, géèmù ọwọ́ tí Sony ṣe, ni, oṣù kejì 2012, nígbà tó dé ilẹ̀ yìí.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù nígbà yẹn nínú ọ̀kan lára àwọn ọjà abẹ́ òrùlé tó wà ní Rye Lane, Peckham, ní London. Wọ́n ń ta wíìgì níwájú mi, wọ́n ń ta ẹja gbígbẹ lẹ́yìn mi, èmi wà láàárín pẹ̀lú fóònù, ṣájà àti géèmù. PSP, géèmù ọwọ́ Sony tó ṣáájú Vita, ló ń bọ́ mi. Àwọn ọmọléèwé ń rà á, àwọn tó ń lọ sílé lóṣù Dìsẹ́ńbà ń ra méjì mẹ́ta dání fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn, torí náà nígbà tí wọ́n ní Sony fẹ́ gbé arọ́pò ẹ̀ jáde, mo ní iṣẹ́ dé nìyẹn. Mo bẹ ìyá alájọ wa kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ kó, 4,000 pọ́n-ún, mo tún yá díẹ̀ lé e, mo fi kó Vita 20. Ọ̀gá tó tà á fún mi lápapọ̀ ní, tí ò bá tà, kí n dá a padà. Ẹnu ló fi sọ ọ́ o.

Kí n má purọ́, ẹ̀rọ yẹn dáa. Ojú ẹ̀ tó ínṣì márùn-ún, OLED ni, ó mọ́ lóló. Ẹ̀yìn ẹ̀ gan-an, tó o bá fọwọ́ kàn án, ó ń dáhùn. Àwọn èèyàn dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù bí ẹni ń wo eégún. Wọ́n wò ó, wọ́n yìn ín, wọ́n bá tiwọn lọ.

Èyí tó ń dùn mí títí dòní rèé. Mọ́mì kan, ará Ìjẹ̀bú, wá lọ́jọ́ Sátidé kan, ọmọ wọn fẹ́ pé ọdún 12. Wọ́n ná mi títí ẹnu fi ń ro mí, a ṣáà fẹnu kò, wọ́n ra ẹ̀rọ, wọ́n ra FIFA kan mọ́ ọn, wọ́n gbàdúrà fún mi kí wọ́n tó lọ. Nígbà tó di Mọ́ńdè, mi ò tíì ṣílẹ̀kùn tán, wọ́n ti dúró níbẹ̀. Wọ́n ní ọmọ fẹ́ dáńlóòdù nǹkan, ẹ̀rọ ń bèèrè mẹ́mọ́rì. Wọ́n tú ẹ̀yìn fóònù Nokia wọn níbẹ̀, wọ́n yọ microSD, káàdì mẹ́mọ́rì inú ẹ̀, wọ́n ní, "Gba tèmi, bá a fi sí i." Mo ní Mọ́mì, kò ní wọ̀ ọ́. Wọ́n ní báwo ni ò ṣe ní wọ̀ ọ́, ṣebí mẹ́mọ́rì ni. Mo wá bẹ̀rẹ̀ àlàyé, pé Vita yìí ò ní ibi ìkóǹkansí kankan nínú tọ́mọ lè lò, pé káàdì tí Sony ṣe fún un nìkan ló ń gbà, pé ti fóònù ò bá a mu. Wọ́n ní èló ni káàdì ọ̀hún? Ẹ jẹ́ n sọ ti Amẹ́ríkà tó dá mi lójú: 4GB jẹ́ 20 dọ́là, 32GB jẹ́ 100 dọ́là, ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ sì jẹ́ 250, ìyẹn èyí tí ò ní 3G, íntánẹ́ẹ̀tì bíi ti fóònù. Ẹ rò ó wò, káàdì tó kéré ju èékánná lọ. Mo pe iye tó jẹ́ níbí, Mọ́mì dákẹ́. Wọ́n wò mí báyìí. Wọ́n ní, "Ṣé o mọ̀ lọ́jọ́ Sátidé?"

Mo mọ̀. Mi ò sọ ọ́ torí ẹ̀rù ń bà mí pé tí n bá sọ ọ́ wọn ò ní rà á mọ́. Mi ò lè gbójú sókè. Mo fún wọn ní káàdì 8GB lọ́fẹ̀ẹ́, èrè ìyẹn lọ, ó tún jẹ wọnú ojú owó. Wọ́n gbà á, wọn ò gbàdúrà lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ sì ti dé ṣọ́ọ̀ṣì, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ẹni tó bá ti yà sọ́dọ̀ mi kì í bèèrè iye Vita mọ́, ohun tí wọ́n ń bèèrè ni, "Èló ni gbogbo ẹ̀ pátá, dìgbà tọ́mọ á fi jókòó tí á máa gbá a?"

Àbúrò, ìbéèrè yẹn ni kó o lọ dáhùn. Iye ara páálí kọ́ lèèyàn ń sá fún, owó tó sá pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀ ni.

Mo lọ bá olùdámọ̀ràn òwò kan nígbà yẹn, wọ́n ní ó mọṣẹ́, mo sanwó fún un, ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ní àwọn èèyàn ò mọ̀ nípa ọjà mi ni, kí n lẹ pósítà. Gbogbo Rye Lane ló mọ̀! Wọ́n mọ̀ ọ́n jù! Mo lẹ pósítà ṣá, òjò lù ú. Àwọn ọ̀mọ̀wé géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ní fóònù ló pa á, pé kò sẹ́ni tí á tún ra géèmù ọwọ́ láyé yìí mọ́. Tó bá jẹ́ fóònù ló pa á, kí ló wá dé tí 3DS, géèmù ọwọ́ ti Nintendo, fi tà tó mílíọ̀nù 75? Switch, tí Nintendo náà gbé jáde ní 2017, jẹ́ 300 dọ́là nígbà yẹn, iye kan náà pẹ̀lú Vita oní-3G nígbà tó jáde, ó sì ti kọjá mílíọ̀nù 150. MicroSD tó o bá rà níbikíbi ló ń wọ Switch, ó tún ń lọ sórí tẹlifíṣọ̀n. Vita ò ṣe ìkankan nínú méjèèjì.

Fóònù dá sí i lóòótọ́, mi ò ní kò dá sí i. Àwọn ọmọ á wá, wọ́n á ní "Ẹ̀gbọ́n, ṣé GTA wà ńbẹ̀?" Kò sí, PSP ló ní mẹ́ta, Vita ò ní ọ̀kan tó jẹ́ tiẹ̀. "Minecraft ńkọ́?" 2014 ló tó dé orí Vita, bẹ́ẹ̀ ó ti wà lórí fóònù láti 2011, pọ́n-ún mélòó kan lèèyàn á san. "Ṣé n lè máa fi dísìkì PSP mi gbá a?" Kò síbi tí dísìkì ń wọ̀, àwọn ará Japan nìkan ni wọ́n bá ṣe ètò kan lórí ìyẹn. Ní Japan náà, géèmù Monster Hunter tó gbé PSP ga níbẹ̀ kó lọ sórí 3DS, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kí Vita tó jáde lọ́hùn-ún. Ó wá ku àwa tá a jókòó ti páálí.

Ẹn ẹ́n, o bèèrè nípa gígé owó. 3DS náà ò tà dáadáa nígbà tó kọ́kọ́ dé ní 2011 o. 250 dọ́là ni, oṣù mẹ́fà ò pé tí wọ́n fi gbé e sí 170, Iwata tó jẹ́ ọ̀gá Nintendo nígbà náà gé owó oṣù ara ẹ̀ sí ìdajì, àwọn tó ti rà á lówó gọbọi, wọ́n fún wọn ní géèmù àtijọ́ 20 lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n gígé yẹn nìkan kọ́, kí ọdún tó parí wọ́n ti gbé Mario tuntun àti Mario Kart 7 lé e. Sony gé owó Vita sí 200 ní oṣù kẹjọ 2013, tí wọ́n bá sì ti gé e lókè báyìí, ìwọ tó o ti fi iye àtijọ́ rà á lo máa gbé e jẹ, kọ́sítọ́mà á kàn na fóònù sí ẹ lójú, á ní ẹ wò ó, èló ni wọ́n ń tà á níbí. Torí náà gé e, ṣùgbọ́n má gé e lásán.

Kérésì? Mo dúró dè é ní 2012. Méje ni mo tà títí di oṣù kẹjọ, ó ku 13, 13 yìí náà o, ìdí tí mi ò fi sùn nìyẹn. Mo kó o padà fún ọ̀gá tó ní kí n dá a padà, ó ní, "Níbo ni mo kọ ọ́ sí?" Rẹ́ńtì ń gorí rẹ́ńtì, ìyá alájọ ń pè, ìyàwó mi ò bá mi sọ ju "oúnjẹ ti wà nílẹ̀" lọ. Kérésì dé, mo ta méjì. Òbí tó ń bọ̀ lóṣù Dìsẹ́ńbà ti mú orúkọ nǹkan tọ́mọ fẹ́ dání látilé, tí orúkọ tìẹ ò bá sí nínú ẹ̀, ó tán. Gbàwé lọ́wọ́ ẹni tó bá ń tajà fún ẹ, jọ̀ọ́.

Ohun tó kó mi yọ díẹ̀ ni pé mo so ẹ̀rọ, káàdì àti FIFA pọ̀, iye kan ṣoṣo, mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé "kò sí owó míì mọ́ lẹ́yìn èyí," mo gbé ọ̀kan sórí tábìlì kí wọ́n máa gbá a. Mẹ́sàn-án lọ bẹ́ẹ̀. Mo pàdánù lórí ìkọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n mo rí owó àjọ dá padà.

Má fi àwọn tìẹ sílẹ̀ nínú páálí láìgba iná rí o, bátìrì máa ń kú mọ́ ibẹ̀, èyí tó bá ti wú má ṣe fi iná sí i, má sì gbé e fún ilé ìfìwéránṣẹ́. Èyí tó tún ń bà mí lẹ́rù jù: púpọ̀ nínú àwọn oní-Android yìí máa ń wá pẹ̀lú káàdì tí wọ́n ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún géèmù àtijọ́ sí. Géèmù olóhun ni, wọn ò gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, Trading Standards, àwọn aláṣẹ tó ń ṣọ́ ọjà títà nílẹ̀ yìí, lè kó gbogbo ẹ̀ lọ lọ́wọ́ ẹ. Tó o bá yọ káàdì yẹn kúrò, kí ló kù nínú ẹ̀rọ yẹn tí fóònù ọmọ náà ò lè ṣe? Bóyá bọ́tìnnì ni. Tó bá jẹ́ bọ́tìnnì ni, ta bọ́tìnnì fún wọn, sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Méjì tó kù nínú tèmi, mo sọ wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní 2017, ọmọ òyìnbó kan bèèrè bóyá mo ní Vita àtijọ́ tí ẹnìkan ò tíì tú páálí ẹ̀. Àwọn kan ti rí ọ̀nà já ìdè tí Sony fi de ẹ̀rọ yẹn lọ́dún tó ṣáájú. Kò ná mi rárá, ó san owó méjèèjì. Mo ní mẹ́mọ́rì ńkọ́, pé mi ò ní káàdì ẹ̀ mọ́ o. Ó rẹ́rìn-ín, ó yọ ike pẹlẹbẹ kan nínú àpò, ó ní ojú ibi tí géèmù ń wọ̀ lòun á kì í sí, ó wá ki microSD sínú ẹ̀, irú tinú Nokia Mọ́mì Ìjẹ̀bú gẹ́lẹ́.

Ó yá, dá mi lóhùn: káàdì wo ló wà nínú 13 tìẹ yẹn, ta ló sì kó géèmù sí i?