Ta ló jàre lórí "moon" àti "moor"?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Olùkọ́. Bradford ni mo ń gbé. Ilé-ìwé kó ọmọ mi lọ sí Ilkley Moor. Nígbà tó dé, ó ní inú ọ̀rọ̀ kan náà ni "moon" àti "moor" ti jáde. Mo ní irọ́ ni. Ta ló jàre?
Bàbá Tóbi

ÌDÁHÙN: Bàbá Tóbi, ẹ̀yin lẹ jàre, àmọ́ ẹ má fi yọ ọmọ lẹ́nu. Etí ló tàn án. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, mōna ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe òṣùpá, mōr ni wọ́n ń pe ilẹ̀ tó lọ rìn yẹn. Wọn ò bá ara wọn tan.

Ẹbí mōna ni mōnaþ, ìyẹn oṣù tí à ń kà, àti Mōnandæg, tó di Mọ́ńdè. Àwa tí à ń sọ pé "oṣù lé" ò nílò àlàyé níbẹ̀. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé akọ ni òṣùpá nínú èdè wọn nígbà náà, abo ni oòrùn. Lọ́dọ̀ tiwa, "ó" ni gbogbo wọn.

Bede, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn Kristi (monk) kan ní Jarrow nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ orúkọ oṣù wọn sílẹ̀ ní 725. Oṣù Karùn-ún ni Thrimilchi, torí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni wọ́n ń fún wàrà màlúù nínú rẹ̀. Oṣù òṣùpá méjìlá kò ju ọjọ́ 354 lọ, ó fi nǹkan bí ọjọ́ 11 dín sí ọdún oòrùn. Ìdí nìyẹn tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì kì í fi í dúró sójú kan. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò gbà kí tiwọn máa sún. Litha ni wọ́n ń pe oṣù méjì kan nígbà ooru; bó bá ti yẹ, wọ́n á fi Litha kẹta kún un, ọdún náà á di olóṣù mẹ́tàlá.

Mōr gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Òkè ni Ilkley Moor: òkúta, atẹ́gùn, ilẹ̀ dúdú tó ń fa omi mu bíi kànrìnkàn, àti heather tí òdòdó rẹ̀ máa ń sọ gbogbo ibẹ̀ di elésè àlùkò lóṣù Kẹjọ. Ẹ wá lọ sí Sedgemoor ní Somerset, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni, àbàtà tí wọ́n gbẹ́ kòtò sí kí omi lè fà. Kí ló pa òkè àti àbàtà pọ̀? Ilẹ̀ tí àgbẹ̀ ò rí kọ ebè sí ni méjèèjì.

Ibẹ̀ náà ni wọ́n fi ṣe ilé fún abàmì. Nínú ewì àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Beowulf, orí mōr ni Grendel ti ń bọ̀ lóru, nínú ìkùukùu, kó tó já wọ gbọ̀ngàn ọba lọ jẹ èèyàn. Tiwa, inú igbó ni iwin ń gbé; tiwọn, orí mōr àti inú irà.

Bí Tóbi bá tún béèrè nípa "Moor" tí wọ́n fi ń pe àwọn ará ìhà Mòrókò láyé ọjọ́un, ẹ sọ fún un pé inú èdè Látìn nìyẹn ti wá. Èyí tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ ojú omi mọ́lẹ̀, ọ̀tọ̀ tún ni.