Ṣé Irena Sendler nìkan ló kó àwọn ọmọ Júù jáde ní Warsaw nígbà Ogun Àgbáyé Kejì?

Rárá, kì í ṣe òun nìkan. Sendler, obìnrin ará Pólàǹdì kan, ló ṣe kòkáárí iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ obìnrin, ló jọ ṣe é pẹ̀lú rẹ̀. Nǹkan bí 2,500 ọmọ tí àwọn èèyàn máa ń dárúkọ, ti gbogbo wọn lápapọ̀ ni.

Lọ́dún 1940 ni ìjọba Jámánì sé àwọn Júù mọ́ inú ògiri nílùú náà, ní Pólàǹdì. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni Sendler, ó sì ní ìwé àṣẹ láti wọ inú ògiri náà lọ wò bóyá àrùn tó ń ràn wà níbẹ̀. Wọ́n ń gbé àwọn ọmọ jáde nínú ọkọ̀ aláìsàn, nínú àpò, tàbí gba inú ilé ẹjọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n á yí orúkọ wọn padà, wọ́n á sì fi wọ́n sọ́dọ̀ ìdílé Pólàǹdì tàbí àwọn sísítà Kátólíìkì. Orúkọ gidi ńkọ́? Sendler kọ wọ́n sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n kó o sínú ìgò, wọ́n sì rì í mọ́lẹ̀ lábẹ́ igi ápù nínú ọgbà ọ̀rẹ́ kan.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1943, àwọn Gestapo, ìyẹn ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ ìjọba Jámánì, mú Sendler, wọ́n lù ú nílùkulù, kò sì tú àṣírí ọmọ kankan. Żegota, ẹgbẹ́ abẹ́lẹ̀ tó ń ran àwọn Júù lọ́wọ́, ló fún ẹ̀ṣọ́ ní rìbá tó fi bọ́. Lẹ́yìn ogun, èyí tó pọ̀ jù lára òbí àwọn ọmọ náà ti kú.