Ta ni ó wà lómìnira nínú ọ̀rọ̀ ‘indie’? Èsì kan láti ara ìtàn The Smiths

Òǹkàwé kan béèrè pé kí ni ọ̀rọ̀ ‘indie’ túmọ̀ sí gan-an, nítorí kò tíì ka ohunkóhun nípa The Smiths, ẹgbẹ́ olórin ìlú Manchester, tí ọ̀rọ̀ náà kò jẹyọ nínú rẹ̀. Ó tún béèrè bóyá ó tọ́ kí á máa pè é ní ‘orin òmìnira’ lédè Yorùbá. Ìbéèrè kejì yìí ni mo kà sí jù, nítorí a kò lè dáhùn rẹ̀ láìkọ́kọ́ mọ ẹni tí ó wà lómìnira.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí ‘adádúró’ ni wọ́n gé kúrú di ‘indie’, ilé iṣẹ́ tí ó gbé àwo jáde ni ó sì kọ́kọ́ jẹ́ adádúró náà, kì í ṣe olórin. Láyé ìgbà náà, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá bíi EMI ni ó ń gba olórin síṣẹ́, tí ó ń tẹ àwo, tí ó sì ń pín in dé ṣọ́ọ̀bù, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí wọ́n bá kọ̀, ọjà kọ̀ ọ́ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àtẹ àwọn àwo indie tí ó ń tà jù jáde ní oṣù Kìíní ọdún 1980, ọ̀nà tí àwo gbà dé ọjà ni wọ́n ń wò, kì í ṣe bí orin ṣe dún. Bí ilé iṣẹ́ ńlá kò bá ti lọ́wọ́ nínú pínpín rẹ̀, ó wọlé, ì báà ṣe orin rẹ́gẹ̀. Geoff Travis wà lára àwọn tí ó la ọ̀nà yìí: ó ṣí ṣọ́ọ̀bù Rough Trade ní ìwọ̀-oòrùn London ní 1976, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwo jáde ní 1978, ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì dara pọ̀ mọ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù ìlú mìíràn láti máa pín àwo fúnra wọn.

Inú irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni The Smiths bọ́ sí. Ní ọdún 1982, Johnny Marr, ọmọ ọdún 18 tí ó mọ gìtá ta dáadáa, lọ kan ilẹ̀kùn Morrissey, ẹni tí ó di akọrin ẹgbẹ́ náà, ní Stretford lẹ́bàá Manchester pé kí àwọn jọ máa kọ orin. Andy Rourke wá ń ta báàsì, Mike Joyce sì ń lu ìlù. (Lóòótọ́, ‘smith’ ni alágbẹ̀dẹ, ṣùgbọ́n kò sí irin rírọ nínú ọ̀rọ̀ yìí: orúkọ ìdílé tí ó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni, wọ́n sì mú un nítorí pé ó jẹ́ orúkọ mẹ̀kúnnù, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ń fi orúkọ ṣe fáàrí.) EMI sanwó kí wọ́n gba orin ìdánwò sílẹ̀, ó gbọ́ ọ, ó sì kọ̀ wọ́n. Ni Marr àti Rourke bá gbé orin wọn lọ bá Travis ní London, Rough Trade sì gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 1983.

Àwo ńlá mẹ́rin ni wọ́n ṣe láti 1984 sí 1987, èkejì nínú wọn, Meat Is Murder, sì gba ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1985. Ìgbà yẹn gan-an ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà yí padà. Gìtá Marr tí ń dún gbinrin-gbinrin, pẹ̀lú ohùn Morrissey tí ń ráhùn ìdánìkanwà tí ó sì ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, di ohun tí àwọn ọ̀dọ́ káàkiri ń fara wé, títí tí ‘indie’ fi kúrò ní orúkọ ọ̀nà ọjà tí ó di orúkọ ìró. Kì í ṣe The Smiths nìkan ni ó fà á. Kásẹ́ẹ̀tì C86, àkójọ orin àwọn ẹgbẹ́ indie tí ìwé ìròyìn orin NME gbé jáde ní 1986, náà ní ipa tirẹ̀.

Ní ti òmìnira, ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí aáwọ̀ dé láàárín ẹgbẹ́ náà àti Rough Trade, ilé iṣẹ́ adádúró yìí gba àṣẹ ilé ẹjọ́ láti dè wọ́n lọ́wọ́, àwo The Queen Is Dead sì pẹ́ ní ìpamọ́ kí ó tó jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 1986. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú EMI, àwọn kan náà tí ó kọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Marr kúrò ní 1987, ẹgbẹ́ sì túká kí wọ́n tó ṣe àwo kankan fún EMI.

Nínú ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Yàtọ̀ sí owó orin kíkọ, tí ó jẹ́ ti àwọn méjì tí ó kọ orin, 40 nínú 100 owó àwo àti ti orí ìtàgé ni Morrissey ń gbà, 40 ni ti Marr, Rourke àti Joyce sì ń gba 10, 10. Oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kò fi ìwé kankan pààlà. Joyce gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́, ní 1996 adájọ́ sì gbé ìdájọ́ lé òfin àjọṣe òwò ọdún 1890, tí ó ní kí àwọn alájọṣe pín èrè dọ́gba bí kò bá sí àdéhùn mìíràn. Joyce gba 25. Rourke ti fara mọ́ 10 rẹ̀ àti owó díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, nítorí gbèsè kò jẹ́ kí ó lè dúró de ẹjọ́.

Láti 1992 ni àwọn àwo náà ti di ti Warner, ilé iṣẹ́ ńlá pátápátá, síbẹ̀ ‘indie’ ni gbogbo ayé ṣì ń pè wọ́n. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ bíi Rough Trade ni à ń sọ, èmi yóò kọ ‘ilé iṣẹ́ àwo adádúró’. Bí ó bá jẹ́ ìró gìtá yẹn, mo fẹ́ kí á fi ‘indie’ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. ‘Olórin òmìnira’ ni n kò ní fi pe The Smiths; olórin tí ó ni àwo ara rẹ̀ ni mo fi í pa mọ́ fún.