Láptọ́ọ̀pù tí ojú rẹ̀ fọ́, ṣé ó lè di ti tẹlifíṣọ̀n?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Láptọ́ọ̀pù kan wà nílé wa ní Ebute-Metta, Core i3 ni, RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB, ọdún 2012 la rà á. Ojú rẹ̀ ti fọ́, kì í jókòó dáadáa lórí tábìlì mọ́, ńṣe ló ń mì. Oníkọ́ńdẹ̀m tó ń polówó kiri àdúgbò fẹ́ fún mi ní 3,000 náírà. Àbúrò mi ní kí n má tà á, pé mo lè so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n wa, 32 ínǹṣì tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn ọmọ máa fi wo YouTube. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kò ní jẹ iná jù? – Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ẹ kú ilé o, Ìyá Ìbejì. Òótọ́ ni àbúrò yín sọ, ẹ má tà á. Ṣùgbọ́n ẹ ní ó ń mì lórí tábìlì, ìyẹn ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn. Ẹ dákun, ẹ yọ ṣájà rẹ̀ kúrò lára iná báyìí, kí ẹ yí i dé, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí bátìrì bá ti wú bíi búrẹ́dì tó ń wú nínú ààrò, gáàsì ló kún inú rẹ̀, ó sì lè gbiná. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ìgbà yẹn ni bátìrì wọn ṣeé fọwọ́ yọ: ẹ ti ìkọ́ méjèèjì ìsàlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, yóò jáde. Bí kò bá jáde wẹ́rẹ́, ẹ má fi ọ̀bẹ wá a, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe. Ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́ kó lè rọlẹ̀, ẹ má jù ú sínú ìdọ̀tí tí wọ́n máa sun. Inú agolo tó ní iyanrìn gbígbẹ ni kí ẹ gbé e sí, níta, níbi tí oòrùn àti ọwọ́ ọmọ kò lè dé, títí ẹ ó fi rí àwọn tó ń kó irú rẹ̀ jọ fún àtúnlò.

Láìsí bátìrì, ṣájà nìkan yóò gbé láptọ́ọ̀pù náà. Àléébù ibẹ̀ ni pé bí wọ́n bá mú iná, lójú ẹsẹ̀ ló máa kú, hard disk àtijọ́ kì í sì í fẹ́ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí owó ohun kan ṣoṣo bá wà lọ́wọ́, SSD ni kí ẹ rà, ìyẹn ohun ìpamọ́ tí a ń fi rọ́pò hard disk. Kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀, ó sì máa ń sọ ẹ̀rọ arúgbó di ọ̀dọ́. 120GB ti tó yín. Ẹ má náwó lé RAM.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ihò HDMI wà níbẹ̀. Wáyà HDMI kan ṣoṣo ló ń gbé àwòrán àti ohùn. Bí ó bá jẹ́ VGA nìkan ló wà, àwòrán nìkan nìyẹn, ẹ ó tún ra wáyà tí yóò gbé ohùn. Nítorí ojú rẹ̀ tó fọ́, ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, ẹ tẹ P lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wá tẹ Enter. Bí àwòrán ò bá jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ tún tẹ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí etí àwòrán bá kọjá ojú tẹlifíṣọ̀n, tí ẹ ò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n lẹ máa tún ṣe: ẹ wá Just Scan tàbí Screen Fit níbi ìwọ̀n àwòrán.

Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14, oṣù October 2025. Linux Mint Xfce, ètò tí a ń lò dípò Windows, ni mo máa ń fi sí irú ẹ̀rọ yìí, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn kan máa sọ LibreELEC fún yín, ètò tó wà fún wíwo fíìmù lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó dára fún ẹni tó ń wo fíìmù tó ti wà lórí fláàṣì, ṣùgbọ́n YouTube ni tiyín, Mint sì ní Firefox tí ẹ ó fi ṣí i.

Oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n ń gbà di fídíò kó lè kéré. Ṣíìpù yín mọ bí wọ́n ṣe ń tú èyí tí wọ́n ń pè ní H.264, wọ́rọ́wọ́ ni yóò máa lọ. Kò mọ H.265, tí wọ́n tún ń pè ní HEVC. Ọdún 2015 ni Intel tó fi ìmọ̀ yẹn sínú ṣíìpù láptọ́ọ̀pù ní kíkún. Bí ẹ bá fún un ní irú rẹ̀, ara rẹ̀ á gbóná, fáànù á máa pariwo, àwòrán á máa dúró. Bí onífídíò bá fẹ́ gbé fídíò ìnáwó yín sórí fláàṣì, ẹ sọ fún un pé H.264 lẹ fẹ́. Lórí YouTube, ẹ fi bí àwòrán ṣe mọ́ tó sí 480p tàbí 720p. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n 32 ínǹṣì kò ju 1366×768 lọ, dátà lásán ni 1080p máa jẹ.

Oníbàárà mi kan ní Mushin ti tirẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi aṣọ léèsì bò ó kó lè wuyì. Nígbà tí mo tú u, eruku ti di ihò fáànù pa bíi òwú. Ẹ jẹ́ kí ihò ẹ̀gbẹ́ tiyín máa mí, kí ẹ sì fi ìdérí bíárà méjì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀.

Ní ti iná, 65W ló sábà máa ń wà lára ṣájà rẹ̀, ṣùgbọ́n bí fíìmù bá ń lọ, kì í sábà kọjá 30W. Gílóòbù àtijọ́ 60W jẹ iná jù ú lọ. Bí ẹ bá ní ínfátà kékeré tó ń gbé tẹlifíṣọ̀n yín, ẹ so méjèèjì mọ́ ọn, bí wọ́n bá mú iná nígbà tí àwọn ìbejì ń wò ó, kò ní kú mọ́ wọn lójú.