Èsì fún ìnsípẹ́kítọ̀ tó fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n: má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní ìnsípẹ́kítọ̀ ni ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ọdún 34, o ti gba dìgírì àkọ́kọ́ nínú kriminọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa ìwà ọ̀daràn, lẹ́nu iṣẹ́, o sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí o fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀ másítàsì, torí ọ̀jọ̀gbọ́n lo fẹ́ dà. O tún fi August Vollmer ṣe àpẹẹrẹ, ọ̀gá ọlọ́pàá Berkeley ní Amẹ́ríkà tí kò gba dìgírì kankan, tí Yunifásítì Chicago sì sọ di ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1929. Gbàgbé Vollmer. Òun wà lára àwọn tó la ọ̀nà yẹn, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè ìwé ẹ̀rí. Níbi tiwa, bí o ò bá ní Ph.D, ìsàlẹ̀ àkàbà lo máa wà.

Másítàsì kò le. Ra fọ́ọ̀mù, gba ìwé àṣẹ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, máa lọ, máa bọ̀. Ph.D ni kí n sọ fún ọ.

Ọlọ́pàá lèmi náà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ Ph.D tèmi, mo rò pé yúnífọ́ọ̀mù máa ṣí gbogbo ilẹ̀kùn fún mi. Àwọn tó wà látìmọ́lé tí wọn ò tíì rí ìdájọ́ gbà ni mo fẹ́ ṣèwádìí lé lórí. Mo sì wà ní téṣàn, ẹ̀yìn káńtà ni wọ́n wà, kí ló tún kù? Bí mo bá ti parí iṣẹ́ alẹ́, màá mú bírò, màá jókòó ti àwọn afurasí, màá máa bi wọ́n. Wọ́n ń dáhùn wàràwàrà, inú mi ń dùn. Mo gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn 23, mo tẹ̀ ẹ́, mo dì í, mo gbé e gba ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ tí gbogbo wa mọ̀ yẹn lọ sí Ìbàdàn.

Obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò bi mí pé, "Nígbà tí ẹ̀ ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ sẹ́ẹ̀lì wà?" Mo ní ọwọ́ mi ni. Ó ní, "Ṣé ẹnì kankan nínú wọn lè sọ fún yín pé òun ò fẹ́ dáhùn?" Ẹnu mi wọhò. Wọ́n da gbogbo 23 nù. Iṣẹ́ ọdún kan ààbọ̀! Òótọ́ lobìnrin yẹn sọ, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n alábòójútó mi ti ka ètò ìwádìí náà tẹ́lẹ̀, ó ti buwọ́ lù ú, ó sì jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó ń wo fóònù rẹ̀.

Mo wá kọ lẹ́tà láti gba àṣẹ wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Oṣù 14 ni lẹ́tà yẹn fi wà ní ọ́fíìsì kan. Akọ̀wé á ní fáìlì ti wọlé sọ́dọ̀ ọ̀gá. Ọjọ́ tí mo fojú ara mi rí fáìlì náà, K.I.V ni wọ́n kọ sára rẹ̀, ìyẹn ni pé kí wọ́n máa wò ó. Wọ́n sì ń wò ó lóòótọ́. Àṣẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni àwọn agbébọn ya wọ ọgbà Abólóńgò ní Ọ̀yọ́, lálẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá 2021, tí àwọn tó ń retí ìdájọ́ sì sá lọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Àwọn gan-an tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀! Ta ló tún fẹ́ rí aṣèwádìí lẹ́yìn ìyẹn? Mo padà síbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tí ilé-ẹjọ́ ti dá sílẹ̀ ni mo wá yí sí. Mo gba ọmọbìnrin kan tí kì í ṣe ọlọ́pàá, òun ló ń bá mi bi wọ́n léèrè níbi iṣẹ́ wọn, ní Takié àti ní Owódé ní Ọ̀yọ́. Ohun tí wọ́n sọ fún un yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí àwọn 23 sọ fún mi. Torí náà, bọ́ yúnífọ́ọ̀mù kó o tó bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Má sì fọwọ́ kan fáìlì kéèsì ní téṣàn tìrẹ láìgbàṣẹ nínú ìwé, bó ti wù kí D.P.O jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ tó. Bí sígínà, ìyẹn ìwé àṣẹ láti òkè, bá dé tí wọ́n gbé e kúrò ní téṣàn náà, ta ló máa jẹ́rìí sí i pé ó fọwọ́ sí i?

Nǹkan mìíràn ni èdè wa. Orí kìíní tí mo kọ, bí stétimẹ́ǹtì tí ọlọ́pàá ń kọ ní téṣàn ló rí: "ní nǹkan bí aago 1400, èmi àti ikọ̀ mi..." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Má sì tìtorí ìyẹn sanwó fún àwọn tó ń bá ènìyàn kọ ìwé ìwádìí o.

Ẹ̀hẹn, ìbéèrè rẹ. Má fiṣẹ́ sílẹ̀ báyìí. Másítàsì, ọdún méjì, Ph.D, ká ní ọdún márùn-ún. O ti di ẹni ọdún 41. Bí wọ́n bá gbà ọ́ ní Lecturer II, Lecturer I ló kàn, Senior Lecturer, Reader, kó tó kan ọ̀jọ̀gbọ́n, ó kéré tán ọdún mẹ́ta-mẹ́ta lórí ìkọ̀ọ̀kan. Ẹni ọdún 53 nìyẹn, bí kò bá sí ìjà. Òfin 2012 jẹ́ kí ọ̀jọ̀gbọ́n ṣiṣẹ́ dé ọdún 70. Ọlọ́pàá, ọdún 60 tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Bí o bá dúró títí wọ́n á fi fẹ̀yìn rẹ tì, ilẹ̀ ti ṣú. Ọmọ ọdún 51 lèmi, Lecturer II ni mí, ìwọ ṣírò tèmi.

Ọjọ́ tí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ ni kí o kúrò. Bó bá jẹ́ yunifásítì ìjọba àpapọ̀, béèrè kí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ lọ síbẹ̀, má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. PIN RSA rẹ, nọ́ńbà àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì rẹ, ń bá ọ lọ, má ṣí òmíràn. Ẹni tó bá kúrò láìtíì pé ọdún 50, tí kò ríṣẹ́ fún oṣù mẹ́rin, kò lè gbà ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó yẹn lọ.

Tráńsíkíríìpù rẹ, ìwé èsì ìdánwò rẹ láti yunifásítì, ńkọ́? Lọ béèrè fún un lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sanwó tèmi kó tó dé.