Ìrìn-àjò afẹ́ ọlọ́jọ́ kan ní Luxembourg, pẹ̀lú màmá tí orúnkún ń dùn

Ẹ ní bọ́ọ̀sì yóò gbé ẹ̀yin àti màmá yín láti Brussels láàárọ̀, afinimọ̀nà yóò mú yín yí Luxembourg ká, ẹ ó sì padà lálẹ́. Ẹ wá ń béèrè bóyá owó rẹ̀ tó ó san, nítorí orúnkún màmá. Èmi bá ìyá ọkọ mi rin irú ìrìn yìí. Ẹ má sanwó àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ sọ iye wákàtí tí ẹ ó fi wà nílẹ̀ fún yín.

Bí ọ̀nà bá tilẹ̀ já geere, ó lé ní wákàtí méjì kí ẹ tó dé ìlú Luxembourg, bẹ́ẹ̀ náà ni àbọ̀. Àwọn tó gbé wa tún yà sí Dinant, ìlú kan ní Belgium. Nígbà tí a ó fi dé, eré ni afinimọ̀nà ń fi ẹsẹ̀ sá, ó sì kọrí tààrà sí ihò ogun tó wà nínú àpáta tí wọ́n ń pè ní Bock.

Orí àpáta ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sí, àfonífojì jíjìn ló sì là á kọjá. Ìjòyè kan tó ń jẹ́ Siegfried ló gba àpáta Bock ní 963. Láti 1644 ni àwọn ará Sípéènì ti ń gbẹ́ ihò ogun sínú rẹ̀. Nígbà tí àdéhùn tí àwọn ìjọba Yúróòpù ṣe ní London ní 1867 ní kí wọ́n wó odi ìlú, ihò náà kò ṣeé fọ́ tán láìwó ilé tó wà lórí rẹ̀, ni kìlómítà 17 fi ṣẹ́ kù. Ó tó ó wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn rẹ̀ há, ó ń lọ́ bí ìkarawun ìgbín. Kí màmá má dé ibẹ̀. Ẹ gba Chemin de la Corniche, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ etí àfonífojì, ẹ ó máa wo àdúgbò Grund nísàlẹ̀ bí ẹ ṣe ń rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ lífítì Pfaffenthal, tó ń gbéni láti òkè ìlú sọ̀kalẹ̀ sí àdúgbò Pfaffenthal nínú àfonífojì: mítà 71, ọ̀fẹ́ ni. Afinimọ̀nà tiwa kò dárúkọ rẹ̀ rárá, ó sì rí i pé ìyá ọkọ mi ń tiro. Ó dùn mí gan-an.

Láti 2020, ọ̀fẹ́ ni bọ́ọ̀sì, tíráàmù àti tírénì jákèjádò orílẹ̀-èdè náà, fún onílé àti àlejò; kíláàsì àkọ́kọ́ nínú tírénì nìkan ni wọ́n ń sanwó fún. Torí náà, tí owó bá gbé e, ẹ sùn síbẹ̀ lálẹ́ kan. Ẹ wá afinimọ̀nà tí yóò bá yín rìn nínú ìlú fún wákàtí méjì péré. Lọ́jọ́ kejì, ẹ wọ tírénì dé ìlú Ettelbruck, kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì láti ibẹ̀ dé Vianden, ìlú kékeré tó ní ilé olódi. Ní 1820 ni ọba Netherlands, tó ń ṣàkóso Luxembourg nígbà náà, ta ilé olódi náà, ẹni tó rà á sì tú u tà. Lẹ́yìn tí ìjọba gbà á ní 1977 ni wọ́n tún un kọ́. Òkè ni o, ẹ lọ díẹ̀díẹ̀.

Schengen náà wà níbẹ̀, abúlé kékeré létí odò Moselle. Inú ọkọ̀ ojú omi ni orílẹ̀-èdè márùn-ún ti fọwọ́ sí àdéhùn ọjọ́ 14 oṣù kẹfà 1985, pé kí àyẹ̀wò ẹnubodè dópin díẹ̀díẹ̀ láàárín wọn. Inú ìyá ọkọ mi dùn láti rí ibi tí orúkọ tó wà lórí físà rẹ̀ ti wá.

Físà Schengen oníwọlé-ẹ̀ẹ̀kan tó láti Brussels dé Luxembourg àti àbọ̀. Síbẹ̀, ẹ mú ìwé ìrìnnà dání; ọlọ́pàá lè yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀nà.