Àmín tí ọmọ mi kì í ṣe mọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o. Dublin ni mo wà, Òkè-Àdó n'Ìbàdàn ni wọ́n bí ọkọ mi. Ọmọ wa ọkùnrin ti pé ọdún 9. Bí a bá ń pe ilé, kì í dọ̀bálẹ̀ mọ́, á kàn juwọ́ sí fóònù. Bí a bá ń gbàdúrà alẹ́, á ní ta ló ń gbọ́. Ọkọ mi ní ká dá a padà sílé, kó fi ọdún méjì gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí òun kí ìwà lè wọ̀ ọ́ lára. Àmọ́ ara bàbá kò yá láti ìgbà Ọdún Àjíǹde, wọ́n ti dùbúlẹ̀. A ò tíì sọ fún ọmọ, "bàbá ń sùn" la máa ń wí. Ṣé ọmọ ọdún 9 ti pẹ́ jù láti kọ́ ní ìwà àti ìbẹ̀rù Ọlọ́run? Báwo lẹ̀yin ṣe ṣe tiyín?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Kò pẹ́ jù. Leeds lèmi wà, Kúdẹtì n'Ìbàdàn nilé wa, ọmọ mẹ́ta ni mo tọ́ níbí, n ò sì ní tàn yín pé mo mọ ọmọ tọ́.

Ti ìdọ̀bálẹ̀, ṣé ẹ̀yin fúnra yín ṣì ń kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ yín lójú fóònù? Orí àga lèmi máa ń jókòó sí kí ìyá mi, tí n óò sì máa pariwo lé ọmọ lórí pé kó kúnlẹ̀. Ẹ tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ti pé kó lọ gbé nílé fọ́dún méjì, ọ̀rọ̀ yẹn gùn, ó kéré tán ẹ ní láti mọ ẹni tí yóò máa jí i láàárọ̀, nítorí bàbá tó ti dùbúlẹ̀ ò lè ṣe é. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Gbólóhùn tí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu sọ ni ò jẹ́ kí n sùn: "bàbá ń sùn."

Ìyá mi ṣaláìsí ní oṣù Fẹ́búárì 2014. Ọmọ mi obìnrin, àkọ́bí mi, jẹ́ ọmọ ọdún 8. Ọ̀rẹ́ lòun àti Màmá. Kó tó lọ sílé ìwé láàárọ̀, á gba fóònù mi, á fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Màmá Kúdẹtì, ẹ káàárọ̀ mà, ṣé orúnkún ṣì ń dùn yín?" Yorùbá rẹ̀ já gaara nígbà yẹn. Màmá á dáhùn, wọ́n á kì í, wọ́n á ṣàdúrà, wọ́n á sì dákẹ́ díẹ̀ kó lè ṣe àmín kí wọ́n tó bọ́ sórí òmíràn, àfi bíi pé ọmọ náà jókòó tì wọ́n.

Pépà mi wà lọ́dọ̀ ìjọba ìlú yìí nígbà náà, n ò lè jáde. Ojú fóònù ni mo ti wo ìsìnkú ìyá mi. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má sọ fún ọmọ, ẹ̀rù á bà á, pé ṣèbí bí a ti ń ṣe é nílé náà nìyẹn. Mo gbà. Ká sọ tòótọ́, èmi gan-an ni ò fẹ́ la ẹnu sọ ọ́.

Àmọ́ ọmọ ń fi ohùn ránṣẹ́, ọwọ́ àbúrò mi obìnrin sì ni fóònù Màmá wà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èsì: "Màmá ní o kú iṣẹ́. Ohùn wọn ló há, wọn ò lè sọ̀rọ̀." Èmi ni mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn lọmọ fi kún àdúrà rẹ̀: "Olúwa, bá mi la ohùn Màmá. Bá mi wo orúnkún Màmá sàn." Èmi àti bàbá rẹ̀ ní àmín. Alaalẹ́ ni, fún oṣù mẹ́wàá gbáko. Mo dijú, mo ń ṣe àmín sí orúnkún ẹni tó ti wà nílẹ̀.

Oṣù Díṣẹ́ńbà, pépà jáde, a lọ sílé. Mo ti pinnu pé inú ọkọ̀ ni n óò ti sọ fún un. Bí a ti kúrò l'Ékòó, mo ní ó di Mowé. A dé Mowé, mo ní ó di Ògèrè. Ẹ sì mọ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà yẹn lásìkò Kérésì, àyè wà láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ògèrè náà kọjá.

A dé Kúdẹtì. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó sáré gba ọ̀nà yàrá Màmá. Ẹ mọ ibi tí wọ́n ń sin àgbà sí nílé wa. Abẹ́ fèrèsé wọn ni, táìsì funfun, àwòrán wọn wà lórí rẹ̀. Ọmọ náà dúró, ó ka orúkọ, ó ka ọjọ́. Mo ń wò ó bó ṣe ń fi ìka ka oṣù, láti Fẹ́búárì wá. Ló bá yíjú sí mi.

"Mọ́mì, ta ló ń dá mi lóhùn?"

Àbúrò mi tó gbé àwo àmàlà bọ̀ yí padà, ó wọlé lọ. Èmi ní kó wá jẹun. Ohun tí mo rí sọ nìyẹn.

Kò sunkún níṣojú wa. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, a ń gbàdúrà, gbogbo ilé ní àmín, òun ò ṣe. A rò pé oorun ni. Ó ti pé ọdún 19 báyìí, ó wà ní yunifásítì, n ò tíì gbọ́ àmín lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà náà. Bí mo bá ń ṣàdúrà fún un lórí fóònù, á dákẹ́ títí n óò fi ṣe tán, á wá dúpẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá náà bá a lọ.

Nọ́ọ̀sìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ká lọ kẹ́kọ̀ọ́ lórí bí ọmọdé ṣe ń mọ rere yàtọ̀ sí búburú, wọ́n wá sọ ti Piaget, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọdé, ará Switzerland, àti ìbéèrè tó bi àwọn ọmọdé nínú ìwádìí tó tẹ̀ jáde ní 1932. Ọmọ kan ṣílẹ̀kùn, kò mọ̀ pé ife 15 wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ fọ́. Òmíràn ń jí jáàmù lá, ife kan ṣoṣo já bọ́, ó fọ́. Ta ló jẹ̀bi jù? Àwọn kéékèèké ní onífe 15 ni. Àwọn tó ń sún mọ́ ọdún 10 ló máa ń béèrè ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó fọ́ ọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín, èmi ń ṣírò ọjọ́ orí ọmọ mi. Ó ti gbọ́n tó ẹni tí ń wo ọkàn. Gbogbo ẹjọ́ tí mo sì ń rò láti ọdún yẹn ni pé èrò rere ni mo ní. Ilẹ̀kùn kọ́ ni mo ṣí. Ìdí jáàmù ni mo wà.

Tiyín náà ti dé bèbè ibẹ̀.

Wọ́n kọ́ wa ní ti Kohlberg, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó to bí èèyàn ṣe ń mọ rere yàtọ̀ sí búburú sí ìpele 6 lẹ́yìn tó ti bá àwọn ọmọkùnrin 72 sọ̀rọ̀ ní Chicago. Ọkùnrin nìkan, ìyẹn sì ni Carol Gilligan, obìnrin onímọ̀ bíi tirẹ̀, fi bá a fà á. N ò ráyè tirẹ̀. Ti James Fowler, tó ṣèwádìí bí ìgbàgbọ́ ṣe ń dàgbà nínú èèyàn, ni mo dì mú. Ó ní bí ọjọ́ orí ti ń yí ni ìgbàgbọ́ ń yí: ọmọdé gba ìtàn bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ọ̀dọ́ gba ti àwọn tó yí i ká, bó bá ń dàgbà á tú u palẹ̀, á máa yẹ̀ ẹ́ wò, ẹlòmíràn á sì tún un tò bó bá ti lé lógójì. Mo ń fi èyí tu ara mi nínú lóru. Àmọ́ ó ku ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ọmọ mi tó débẹ̀. Ṣé n óò wà láyé?

Ẹ má sì jẹ́ kí ará ilé kankan sọ pé òkè òkun ló ba ọmọ jẹ́. Àwọn ará ilé ló ní kí n parọ́. Ní Kúdẹtì tiwa yìí, kò pẹ́ tí Hinderer, míṣọ́nnárì òyìnbó, àti Anna ìyàwó rẹ̀ dé ní 1853 ni Olóyè Olúnlóyọ̀ fa ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, lé wọn lọ́wọ́, Ìbàdàn ò sì pa rẹ́. N ò tiẹ̀ mọ ohun tó mú mi sọ èyí. Bóyá nítorí ẹ̀gbọ́n mi tó ní ọmọ mi ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé torí pé kò ṣe àmín sí àdúrà òun ni. Ọmọ kan náà tó ń lọ jókòó ti àwọn arúgbó òyìnbó ní Sátidé, láìgba kọ́bọ̀! Mo tẹ̀ lé e débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Orúnkún ló kọ́kọ́ ń béèrè lọ́wọ́ wọn.

Mo ti bẹ̀ ẹ́, ní 2021. Ó ní kò sí wàhálà. Ẹ̀yin náà mọ bí ọmọ tó dàgbà níbí ṣe ń sọ pé kò sí wàhálà.

Bàbá ọkọ yín ṣì wà. Ẹ sọ fún ọmọ lálẹ́ òní pé ara wọn ò yá, kí ẹ pe Òkè-Àdó, kí wọ́n gbé fóònù sétí bàbá, kí ọmọ bá wọn sọ̀rọ̀. Bí kò bá dọ̀bálẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá bi yín pé ṣé bàbá á dìde, ẹ ní ẹ ò mọ̀, kí ẹ tó pè é wá gbàdúrà.